Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ N'Dama: Bí A Ṣe Ń Kó Agbo Ojúlówó Jọ ní Òkè-Ògùn

Màlúù N'Dama ni a yàn. Ẹni tó bá ti dé ọjà ẹran Akínyẹlé n'Ìbàdàn rí mọ ohun tó kún ibẹ̀: Bunaji funfun, Gudali, Rahaji pupa. Oníké ni gbogbo wọn, òkè ọya sì ni èyí tó pọ̀ jù ti ń bọ̀. N'Dama kò ní iké rárá. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, ìwo rẹ̀ gùn ju bí èèyàn ṣe máa rò fún ẹran tí kò ga. Abo tó ti dàgbà kì í sábà kọjá kílò 280, akọ a sì máa lé ní 320. Orí òkè Fouta Djallon ní Guinea ni orírun rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti tàn dé Senegal, Gambia, Mali àti Côte d'Ivoire, wọ́n sì kó o dé Kóńgò. Níbí náà, wọ́n ti sìn ín ní oko ìjọba ní Fásọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́, àwọn yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá sì ti ní in lóko wọn.

Eṣinṣin tsetse ló jẹ́ ká yàn án. Ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn ni oko wa wà, níbi tí igbó etí odò Ògùn ti ṣú dùdù. Eṣinṣin yìí ló ń gbin àrùn tí àwọn Fúlàní ń pè ní sámórè sára màlúù. Ẹ̀jẹ̀ ẹran á máa gbẹ, á máa rù, irun rẹ̀ á le, abo á ṣẹ́ oyún, títí ẹran á fi dùbúlẹ̀ tí kò ní lè dìde mọ́. Oníké tó bá wọ irú igbó yìí, abẹ́rẹ́ ló ń gbé e ró. Ní ti N'Dama, kòkòrò àrùn náà á wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ rì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ní gbẹ tó ti oníké.

A fẹ́ ní agbo tí ìran rẹ̀ mọ́, a sì fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn náà máa wá a. Èyí tó gba ọgbọ́n jù nínú iṣẹ́ náà ni mímọ akọ tí a ó kọ̀, òun ni púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ yìí sì dá lé.

Oṣù Kejì 2022: ọgbà

Òfin tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ní 2019 ti ka fífi ẹran jẹko káàkiri léèwọ̀, nítorí náà ọgbà di dandan. Ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, a ó ṣe ọgbà náà ni, nítorí akọ màlúù onímàlúù. Abo tó bá ń wá akọ kì í ju bí ọjọ́ kan lọ lórí rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ kan yẹn ti tó fún akọ oníké tó wà ní ìkọjá odò láti gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá gùn ún lẹ́ẹ̀kan tí oyún dúró, oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ díẹ̀ ni abo náà yóò fi gbé oyún àmúlùmálà, yóò sì tún fún un lọ́mú fún oṣù mélòó kan. Ọdún kan àti ààbọ̀ ti bá omi lọ lára abo yẹn.

Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ìlà márùn-ún ni a nà. Òpó tíìkì la lò nítorí ikán, a sì ri igi àgúnmániyé sáàárín òpó kọ̀ọ̀kan nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀. Igi náà ń ta gbòǹgbò, ó ń di òpó ààyè, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, ewé rẹ̀ la ń gé fún ẹran jẹ. Ní ìhà tí màlúù àwọn aládùúgbò ń gbà lọ mu omi, ọgbà méjì la ṣe, a fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn tí ìmú akọ ìta kò fi lè kan ti abo inú. Ibẹ̀ ló jẹ owó jù. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, ti wáyà náà sì ni.

Oṣù Kẹrin 2022: ríra abo

Olórí darandaran wa jẹ́ Fúlàní tí wọ́n bí sí ẹ̀bá Ọ̀kẹ́hò. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká ju ti àwọn ọmọ mi lọ.

A dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ní N'Dama lòun ń tà. Abo tó fà jáde rẹwà. Awọ rẹ̀ pọ́n bí ìyàngbò àgbàdo tó ti gbẹ, etí ìmú rẹ̀ dúdú, ìwo rẹ̀ sì ká bó ṣe yẹ. Ọkùnrin náà ní kí n wo àwọ̀ rẹ̀. Bàbá kò wo àwọ̀ kankan. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹran náà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sáàárín èjìká rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ síwá-sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ kàn án níbí."

Mo fọwọ́ kàn án. Ọ̀rá kan rọra yọ kúlú sókè lábẹ́ awọ. Ojú kò lè rí i, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Bàbá fà mí lọ sábẹ́ ọrùn ẹran náà, ó fi bí awọ ọ̀fun rẹ̀ ṣe rọ̀ sílẹ̀ hàn mí, ó tún tọ́ka sí awọ ìdodo tó ń fì.

"Bunaji ti wọ ilé yìí. Kò pẹ́ tó wọ̀ ọ́."

Olówó ẹran búra títí. A kí i, a sì bá tiwa lọ.

Àwọ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Púpọ̀ nínú N'Dama ló pọ́n rẹ́súrẹ́sú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn dúdú wà, àwọn alámì funfun náà wà, ojúlówó sì ni wọ́n. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ ṣa ẹran yóò lé ojúlówó dúdú jáde, yóò sì fi àmúlùmálà pupa sílẹ̀. Èjìká, awọ ọ̀fun, ìdodo, etí tí kò gùn jù: ibi tí ọwọ́ wa ń lọ nìyẹn kí ẹnu tó dárúkọ owó.

Àwọn onímọ̀ DNA rí ohun kan ní àwọn ọdún 1990 tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá wo oko. Wọ́n yẹ màlúù oníké ilẹ̀ Áfíríkà wò, wọ́n rí i pé DNA tí wọ́n jogún láti ìhà ìyá, ti aláìníké ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn akọ ló kó iké wọ ilẹ̀ yìí. Akọ oníké tí ìran rẹ̀ ti Éṣíà wá gun abo ilé, ọmọ tí wọ́n bí tún pàdé akọ oníké mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí iké fi bo agbo láti Senegal dé Sudan, kò sì sí ẹni tó lé ìyá àgbà kankan kúrò nílé. Kẹ̀tẹ̀kú tó wà ní Borgu àti ní apá ibi tiwa yìí, ọmọ Mùtúrù, màlúù kúkúrú aláìníké, àti Bunaji, ojú ọ̀nà yẹn kan náà ló gbà wá. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má sin Kẹ̀tẹ̀kú. Ẹran dáadáa ni. N'Dama kọ́ ni ṣá.

Oṣù Karùn-ún 2022: nọ́ńbà etí

Àwọn kan ní kí a máa gé etí ní àmì, nítorí pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ike ṣe máa ń já. Mo kọ̀. Mùsùlùmí tó fẹ́ ra màlúù fún Iléyá yóò yẹ etí àti ìwo wò kó tó yẹ ara wò, etí tí wọ́n bá sì ti gé gidi, yóò fà sẹ́yìn. Ihò nọ́ńbà kéré, kì í ba etí jẹ́. Èyí tó bá já, a ó fi òmíràn sí ojú ihò kan náà.

Ìwé ńlá kan ló wà, òmíràn sì wà nínú fóònù. Orí ìlà kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà, ọjọ́ ìbí, ìyá, bàbá, ìwọ̀n ní ìbí àti ní ọdún kan, ẹ̀jẹ̀, oògùn tí ó gbà. Níbi tí a kò bá ti mọ bàbá, a ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Abo tí a rà pẹ̀lú oyún nínú, ọmọ rẹ̀ kò ní bàbá nínú ìwé, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Oṣù Kẹjọ 2022: eṣinṣin àti ẹ̀jẹ̀

Dókítà ẹran wa ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti iṣan etí, a ń fà á sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín, ẹ̀rọ á yí i, ẹ̀jẹ̀ pupa á sì tòrò sísàlẹ̀. Ìdá tí pupa náà kó nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pè ní PCV. Màlúù tí tirẹ̀ bá ti wálẹ̀ kọjá 24, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gbẹ nìyẹn.

A jọ jiyàn díẹ̀ lórí èyí. Dókítà fẹ́ kí gbogbo ẹran gba abẹ́rẹ́ sámórè ní àsìkò òjò. Èmi ní bí gbogbo wọn bá gbà á, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tí agbára wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀? Ohun tí a torí rẹ̀ yan N'Dama gan-an ni oògùn á fi pamọ́ fún wa. A wá fẹnu kò pé èyí tó bá bọ́ sísàlẹ̀ 24 yóò gba Berenil, oògùn tó ń pa kòkòrò sámórè, lọ́jọ́ náà, ìwé yóò sì sọ bẹ́ẹ̀. Abo tó bá ń gba Berenil léraléra lè máa bímọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin lè dúró, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò ní di akọ agbo.

Agbára yìí ní ibi tó mọ. Abo olóyún, ẹran tí ebi ń pa, tàbí èyí tí wọ́n fi ń túlẹ̀ lójoojúmọ́ lè ṣubú fún àrùn náà bó ti wù kí ó jẹ́ ojúlówó tó. Ẹni tó bá sọ pé N'Dama kì í ṣàìsàn, irọ́ ló ń polówó. Àmọ́ inú ìran ló wà lóòótọ́. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n gba ọlẹ̀ N'Dama ní Gambia, wọ́n sọ ọ́ di yìnyín, wọ́n gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ìwádìí ILRAD ní Nairobi, wọ́n sì fi í sínú abo Boran tó jẹ́ oníké. Inú Boran ni ọmọ ti jáde, ọmú Boran ló mu, síbẹ̀ N'Dama ló jẹ́: wọ́n gbé àrùn náà kò ó, ó sì dúró.

Oṣù Kẹwàá 2023: akọ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn

Ọmọ tí wọ́n bá bí la ń gbé sínú àpò, a ó fi àpò náà kọ́ ìwọ̀n. Kílò 17 tàbí lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Èyí kan lé kílò 20. Nígbà tó máa fi pé ọdún kan, ó ti ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì máa ń dúró sí ẹnu géètì bí ẹni pé òun ló ni oko. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti sọ ọ́ ní Kábíyèsí. Ẹni tó bá wá wo oko, òun ni yóò yà ní fọ́tò.

Inú oyún la ra ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, àwọn ọmọ iṣẹ́ bẹ̀ mí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tẹ ti gbogbo àwọn tó kù, ká fi èyí sílẹ̀. Ẹ wo àyà rẹ̀." Bàbá ń fi epo pa oríkèé Burdizzo, irin tí a fi ń tẹ ẹran lọ́dàá, kò gbójú sókè. "Ta ló bí i?" Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó ga ju bó ṣe yẹ fún N'Dama lọ, gbogbo wa la sì mọ ohun tó lè fa gíga bẹ́ẹ̀.

A há a mọ́ àárín pákó. Irin yìí kì í dá ọgbẹ́. Bàbá wá okùn ẹpọ̀n òsì lábẹ́ awọ, ó fi àtàǹpàkò tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó pa irin dé lé e, ó sì ń kà lábẹ́ ètè kó tó ṣí i. Ó tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó dé ọ̀tún, ó rí i pé ojú ibi tó tẹ̀ kò bá ti òsì ṣe ìlà kan, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa rí àárín gbà lọ sí ìsàlẹ̀ àpò ẹpọ̀n. Bí ìlà méjèèjì bá pàdé, àpò náà á kú, á sì rà. Ẹran náà tàpá lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a ṣí i sílẹ̀, koríko ló lọ jẹ.

Oṣù Kejì 2024: pípààrọ̀ akọ

Akọ kan sí abo 25 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ la ń lò. Abo tí a bí nínú oko ti ń tó gùn nígbà tó bá lé díẹ̀ ní ọdún méjì, bàbá rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ sí lọ́gbà mọ́ nígbà yẹn. Bí bàbá bá gun ọmọ, ìdámẹ́rin ohun tí ọmọ wọn jogún ni yóò bára dọ́gba ní ìhà méjèèjì, ibẹ̀ sì ni àìlera tó fara pamọ́ ti ń yọ jáde: ọmọ tí kò tó, abo tí kì í lóyún bọ̀rọ̀. Ẹran mímọ́ tí kò pọ̀ níye yára bọ́ sí ọ̀fìn yìí.

Nítorí náà a bá oko mìíràn pààrọ̀ akọ, lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àrùn ìṣẹ́yún, tí akọ àlejò sì dá wà fún ìgbà díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ abo. Ọ̀nà tí mo ń wò ni ti Kolda ní Senegal àti Keneba ní Gambia. Níbẹ̀, agbo kan wà ní àárín tí wọ́n ti ń ṣa akọ, akọ tó bá yege á lọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, abo abúlé tó bá sì dára lè wọ agbo àárín. Ẹ̀jẹ̀ tuntun kì í tán níbẹ̀. Nítòsí wa, wọ́n ti sin N'Dama ní Avétonou ní Tógò. Ní Bẹ̀nẹ̀, oko Okpara ń ṣa màlúù Borgou, oko Samiondji sì mú Lagune, màlúù kúkúrú etí ọ̀sà, ní tirẹ̀. Ìjọba ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oko mẹ́ta tó bá gbọ́ra wọn yé lè ṣe kékeré irú rẹ̀.

Oṣù Kẹfà 2025: Iléyá

Ìpolówó ni èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò lẹ ìwé kankan. Àwọn ọkùnrin méje láti mọ́ṣáláṣí kan n'Ìsẹ́yìn dá owó jọ fún màlúù kan. Alápatà wọn bá wọn wá. Ó wo agbo, ó yọ ṣùtì.

"Ọ̀gá, ẹran yín kúrú. Kí ni èèyàn méje fẹ́ rí níbẹ̀?"

Ojú ni wọ́n fi ń ra màlúù níbí, gíga sì ni ojú ń kọ́kọ́ rí. Mo fi Kábíyèsí hàn wọ́n, tó ti di ọ̀dá tó sanra bọ̀kọ̀tọ̀. Ààfáà wọn yẹ etí rẹ̀ wò, ó yẹ ìwo, ó béèrè ọjọ́ orí. Mo ṣí ìwé sí ojú ìlà rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń ta màlúù kì í sábà lè sọ ọjọ́ orí ẹran rẹ̀, eyín ni wọ́n máa ń fi díwọ̀n. Wọ́n rà á, àmọ́ mo bẹ̀ wọ́n kí a wọ̀n ọ́n láàyè, kí a sì tún wọn ẹran rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ awọ tí wọ́n kó nǹkan inú kúrò.

Ẹran tó délẹ̀ lé ní ìdajì ìwọ̀n ààyè rẹ̀. Alápatà náà wo orí ìwọ̀n, ó ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Bákan náà ni. Ìpín méje náà kún, wọn kò sì bá ara wọn jà rárá. Alápatà yẹn ti ń pè mí láti ìgbà náà. Àwọn ọ̀dá wa ni màá máa tà báyìí, nítorí ẹran tí a kọ̀ fún ìran gbọ́dọ̀ ní ọjà tirẹ̀. Bí kò bá ní, ọwọ́ á máa gbọ̀n nígbà tí a bá fẹ́ tẹ akọ lọ́dàá.

Ẹnì kan ní kí n máa fi Senepol polówó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé N'Dama láti Senegal àti Red Poll ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe Senepol ní erékùṣù St. Croix ní Caribbean, àwọn olóko ní Brazil sì ń sìn ín báyìí. Ìtàn náà dùn, ì bá sì tà mí lẹ́ran. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò DNA tí wọ́n gbé jáde ní 2012 fi hàn pé ti Yúróòpù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Senepol. Èmi tí mo tẹ Kábíyèsí lọ́dàá nítorí bàbá tí kò sí nínú ìwé, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ìtàn yẹn?

Oṣù Kejì 2026: akọ tó ń lọ sí abúlé

Akọ méjì ti yege: a mọ ìyá wọn, a mọ bàbá wọn, ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn kò bọ́ sísàlẹ̀ 24 rí lásìkò òjò. Ọ̀kan á dúró. Ìdílé kan lápá Ọ̀kẹ́hò ń fẹ́ ìkejì fún ọdún méjì, a kò sì ní gbowó lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á pè wá nígbà tí abo bá bí, kí a lè fi nọ́ńbà sí i. Abo àkọ́bí kan á jẹ́ tiwa, a ó sì san owó oògùn àìsàn tí kò bá ti inú àìtọ́jú wá. Wọ́n ti gba gbogbo èyí.

Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ní akọ Kẹ̀tẹ̀kú kan tó ń bá abo wọn rìn, bàbá àgbà ilé náà kò sì fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ó ní òun lòun tọ́ ọ láti kékeré. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi, ṣùgbọ́n akọ méjì kò lè wà nínú agbo kan kí ìwé sì sọ òótọ́. Bàbá tiwa ti lọ bá a jókòó, wọ́n jọ sọ Fúlàní fún ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n bá tà á tàbí tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kí òjò tó fìdí múlẹ̀, akọ wa á lọ ní oṣù Kẹrin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdílé mìíràn ti wà lórí ìlà.